Ẹ̀rọ Tí Ń Wá Ìwé àti Orúkọ Tí Ìyàwó Kì Í Pè

Orí tábìlì tí mo máa ń to ike sí ni ọmọ mi gbé ẹ̀rọ náà kà. Mo ní kó gbé e sílẹ̀, ó ní eruku ilẹ̀ kò gbọdọ̀ kàn án. Mo ní tábìlì náà kò dúró dáadáa, ó ní kí n bá òun wá pákó fi há a lẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe palẹ̀ bàsíà àti abọ́ mọ́, mo tì wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo wá pákó. Ọjà kúkú ti wà ní títì. Ta ni mo fẹ́ ta ike fún?

Ìgbà ìdáṣẹ́sílẹ̀ ńlá yẹn ni. Àwọn tó fẹ́ kí ìjọba yí padà ní kí gbogbo ènìyàn jókòó sílé, gbogbo ènìyàn sì jókòó. Báǹkì tì, ilé ìwé tì, ọ́fíìsì tì, takisí kò rìn. A kọ́kọ́ ń bi ara wa pé ìgbà wo ni yóò parí. Nígbà tó pẹ́, a ò bi ara wa mọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wàá gbá iwájú ilé, wàá jókòó. Bí ìbọn bá ró láti apá ibì kan, a ó wọlé. Bó bá dákẹ́, a ó tún jáde. Ó rẹ ènìyàn ní irú àárẹ̀ tí oorun kì í wò.

Ọmọ mi obìnrin yìí, àbíkẹ́yìn mi, ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì níbí, ní Lomé. Ohun tó ń wádìí ni bí a ṣe lè kó ìwé sínú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, tí ẹni tó bá ń wá a yóò fi rí i láìtú ilé. Ó ní ọ̀rọ̀ Faransé gígùn kan tó ń pè é. Èmi ń pè é ní iṣẹ́ wíwá-ìwé.

Kò lọ wá ìwé tí yóò fi dán an wò lọ́nà jíjìn. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló ti kó o. Àwọn ará ìlú wa tó wà ní Lomé ní ẹgbẹ́, bàbá ọmọ mi ló sì ń tọ́jú ìwé ẹgbẹ́ títí tó fi kú: ìwé ìpàdé, ìwé ìjà tí wọ́n parí, ìwé ẹni tó gba ààyè kọ́lé sí, ìwé ìsìnkú. Inú páálí mílíìkì ni gbogbo rẹ̀ wà. Nígbà tó kú, kò sẹ́ni tó wá kó o, kò sì sẹ́ni tó ní kí n dà á nù. Ẹni tó bá ń wá ìwé kan, ilé mi ló ń bọ̀. A ó tẹ́ ẹní, a ó tú páálí kan sílẹ̀, a ó máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí oòrùn yóò fi kúrò lójú ilẹ̀kùn. Nígbà mìíràn a rí i. Nígbà mìíràn èyí tí a ti wá tì lọ́dún tó kọjá la máa rí. Inú nǹkan báyìí ni ọmọ mi dàgbà sí. Nígbà tí wọ́n ní kó mú ohun tí yóò ṣe ìwádìí lé lórí, páálí wọ̀nyí ló wá sí i lọ́kàn.

Olùkọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà kì í ṣe ọmọ Togo. Wọ́n rán an wá láti òkèèrè ni, wọ́n sì ti ní kó máa bọ̀ nílé nítorí rògbòdìyàn. Òun ló ní kí ọmọ mi gbé ẹ̀rọ kúrò ní yunifásítì kí àwọn tó ń fọ́ nǹkan tó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ kù sí. Bí kò bá fọwọ́ sí i pé òun fojú ara òun rí i pé iṣẹ́ náà ń ṣiṣẹ́, kò sí yunifásítì kankan, ìbáà ṣe ní Kutọnu tàbí níbòmíràn, tí yóò jẹ́ kó wá dúró níwájú àwọn àgbà olùkọ́ láti gbèjà iṣẹ́ náà. Gbogbo ọdún tó ti fi joyè akẹ́kọ̀ọ́ yóò di asán. Bẹ́ẹ̀, ó kù díẹ̀ kí olùkọ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ó ti rí ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ mi tẹ ọ̀rọ̀ sí i, ẹ̀rọ dárúkọ ìwé. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

"Kí ló ní?" mo bi ọmọ mi.

"Ó ní ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kó pamọ́, kí ni ìyanu tó wà níbẹ̀ bí mo bá rí i? Ó ní kí ẹni tó ni ìwé wá bi ẹ̀rọ, ní ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá dá a lóhùn, òun á fọwọ́ sí i."

"Ta ló wá ni ìwé?"

"Ẹ̀yin ni, Màámi. Ẹ̀yin àti màmá àgbà."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́ tí iná bá wà, ó ń ka ìwé kan, ó ń tẹ kókó rẹ̀ sí ẹ̀rọ: ẹni tọ́rọ̀ kàn, ohun tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí igun ìwé, èmi á gbọn eruku rẹ̀ nù, màá dá a padà sínú páálí, màá gbé òkúta lé e. Ìwé náà ń rùn bí aáyán. Iná a lọ, a ó jókòó dè é. Iná a dé, ẹ̀rọ a kùn, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí kò láriwo ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń dùn mí ju ìgbà tí mo ń ru bàsíà lọ.

Màmá àgbà tó wí yẹn ni ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ mi. Inú àgbàlá kan náà la wà ní Djidjolé, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹnu kò dùn ún rí. Lọ́jọ́ tí ọmọ mi ní ó tó àkókò láti dán an wò, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá síwájú ẹ̀rọ, ó tún gèlè so bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò.

"Ṣé ó ń gbọ́ mi?"

"Kò létí, Màmá. Ẹ sọ ọ́ fún mi, èmi á tẹ̀ ẹ́ sí i."

"Á à, ó ní ògbufọ̀. Ọlọ́lá ni." Ó ronú díẹ̀. "Bi í pé ìgbà wo ni wọ́n parí ìjà Akọ̀wé àti Eyínfúnjowó lórí ọ̀rọ̀ ògiri."

Ọmọ mi tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kùn, ó kùn, ó dákẹ́.

"Ó ní kò sí."

"Kò sí bíi báwo? Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe parí ẹ̀. Èmi ni mo se oúnjẹ tí wọ́n jẹ. Sọ fún un pé irọ́ ló ń pa."

"Kì í parọ́, Màmá. Kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Akọ̀wé ni."

"Ó wà ní Lomé, kò mọ Akọ̀wé?"

Èmi náà bi í nípa Aláṣọ-funfun. Kò sí. Mo bi í nípa Onífìlà. Kò sí. Ìyálé mi wò mí. Ó ní ẹ̀rọ yìí dà bí àwọn ọmọ ọ́fíìsì: tóo bá débẹ̀, wọn ò mọ bàbá rẹ, wọn ò mọ ilé rẹ.

Kí n sọ ọ́ yékéyéké, nítorí àwọn ọmọ tí a bí síbí ti ń gbàgbé. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá kí wọ́n tó gbé ọ wọlé lónìí, ọkọ rẹ ni. Wàá wo ìwà rẹ̀ tàbí ìrísí rẹ̀, wàá fún un lórúkọ mìíràn, òun ni wàá máa pè é. Àwọn ọmọ wa gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu wa, wọ́n fi "bàbá" síwájú rẹ̀, àwọn náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, orúkọ tí ìyá bí wọn sọ wọ́n wá di ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ mọ́, àfi lọ́jọ́ ìsìnkú. Ṣùgbọ́n òun ló wà nínú ìwé. Ti Eyínfúnjowó, ti Onífìlà, n kì í purọ́, mi ò mọ̀ ọ́n. Ti ọkọ ìyálé mi, tí í ṣe Akọ̀wé, mo mọ̀ ọ́n, nítorí wọ́n kà á sókè lójú sàréè.

Kò ya ọmọ mi lẹ́nu. Ó ní òun ti mọ̀ pé ẹnì kan lè ní orúkọ púpọ̀, òun ti ṣe ààyè sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ibi tí òun yóò ti kọ ọ́ pé lágbájá àti làkáṣègbè, ẹnì kan náà ni. Ohun tó kù ni kí a pe orúkọ wọn fún òun.

Ìyálé mi yíjú sí mi. "Ìyàwó, ṣé o gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ ń sọ?"

"Mo gbọ́, Ìyá wa."

"Kí n pe orúkọ ọkọ mi. Ní ọ̀sán gangan. Nítorí ẹ̀rọ."

"Ọkọ yín ti kú, Màmá," ni ọmọ mi wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ó kú ni. Kò di ọmọ mi."

Ọmọ mi rò ó síwájú. Ó ní, ó dáa, òun á máa ka orúkọ inú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, bí òun bá kan ẹni tí à ń wá, kí àwa kàn mirí.

"Orí tó bá mì, ẹnu ló rán an," ni ìyálé mi wí. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó wọlé. Kí ni mo fẹ́ sọ sí i? Ìyálé mi ni. Òun ló gbà mí lọ́wọ́ àwọn tó mú ìyàwó wá.

Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ tó ṣẹ́kù ti kó ìdílé wọn kọjá sí orílẹ̀-èdè Benin. Àwọn ọmọ ìyálé mi wà ní Gánà. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí kì í ṣe ìyàwó, tó sì mọ gbogbo wọn: ẹ̀gbọ́n obìnrin tí bàbá ọmọ mi ní, àgbà ọmọ ilé, tó ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ní Baguida. A sì ti gbọ́ pé àwọn náà ń di ẹrù.

Ọmọ mi mú ìwé àti bíírò, ó ń kọ gbogbo orúkọ tí àwa ìyàwó fi ń pè wọ́n sílẹ̀, kó lè rí i bi ìyá náà. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi dáná.

"Màámi."

"Sójà wà lọ́nà. Ẹni tó bá gbé orúkọ ènìyàn lọ́wọ́ kọjá níwájú sójà lásìkò yìí, kí ló fẹ́ sọ pé ó jẹ́? Akọ̀wé, Onífìlà, Aláṣọ-funfun. Wọ́n á ní kóo wá júwe ilé wọn."

Ó ti bíírò bọ àpò. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni.

Bí mo ṣe máa ń ka ẹrù mi ni mo ṣe é. Nígbà tí mo bá ń gba ike lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá, mi ò kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Irú abọ́ kan, ẹnì kan. Mo to abọ́ fún àwọn ọkọ wa bẹ́ẹ̀, abọ́ kan fún ẹnì kan. Abọ́ pupa, Akọ̀wé. Funfun onídèrí, Aláṣọ-funfun. Èyí tí etí rẹ̀ ṣẹ́, Eyínfúnjowó, nítorí èyí tó kán lára eyín rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí gbogbo ọkọ wa fi wà nínú ara wọn, mo dì wọ́n sínú aṣọ, mo gbé wọn lérí. Ẹni tó bá rí mi, oníike tó ń wá oníbàárà ni.

A jáde ní kùtù. Ọ̀nà jìn láti Djidjolé dé Baguida, pàápàá lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ kò sí. Ìgboro dà bí ọjọ́ Àìkú tí kò ní ìsìn. A gba etí òkun, a kọjá Ablogamé. Ọlọ́mọlanke kan bá mi gbé ẹrù díẹ̀, ó yà, mo tún gbé e. Nítòsí èbúté, sójà ti to àgbá dí ọ̀nà. Ọ̀kan ní kí n sọ̀.

"Ça va, ìyá àgbà?" Ó fi Faransé kí mi, ó fi èdè Mina bi mí ibi tí mò ń lọ.

Mo ní Baguida, mò ń gbé ike lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí ọkọ mi. Irọ́ kò sí níbẹ̀. Ó tú ẹrù, ó ń gbé abọ́ kọ̀ọ̀kan sókè, ó ń wo ìdí rẹ̀.

"Ta ló ń ra ike báyìí?"

"Ẹni tó ń jẹun ni."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó mú funfun onídèrí, ó ní yóò dára fún omi òun. Ọmọ mi la ẹnu. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí a rìn jìnnà, ó ní, "Ó mú Aláṣọ-funfun lọ."

"Máa rìn."

Àgbà ọmọ ilé jókòó sórí àpò gàrí láàárín ẹrù tí wọ́n ti dì. Òpéléńgẹ́ ni mo ń pè é láti ìgbà ìyàwó, nítorí ó tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà náà. Ó sanra lẹ́yìn náà, orúkọ ò kúrò lára rẹ̀. Báyìí ó ti tún tẹ́ẹ́rẹ́. Mo kúnlẹ̀.

"Ìyàwó mi, o ti gbó."

"Ẹ̀yin náà ò kéré mọ́, ọkọ mi."

"Wọ́n ní wọ́n fẹ́ gbé mi kọjá ibodè. Wọ́n ní sójà. Mo ti rí sójà kí wọ́n tó bí sójà."

Wọ́n fún wa ní oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n ń pè ní àbòlò, pẹ̀lú ẹja díndín. Nígbà tí a jẹun tán, mo tú abọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo gbé pupa. Mo ní Akọ̀wé nìyí.

"Ta ni Akọ̀wé?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá àwọn ọmọ. Ọkọ ìyálé mi."

"Òun lẹ ń pè ní Akọ̀wé? Ẹni tí kò kọ̀wé kọjá orúkọ ara ẹ̀?"

"Bíírò tó máa ń fi há etí ni, ọkọ mi."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ní òun ló pọ̀n ọ́n, ó ní ó máa ń tọ̀ sí òun lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó pe orúkọ rẹ̀, bí ẹni pe ọmọ tó wà lójúde. Ọmọ mi tún un pè lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ. Òun náà kò mọ orúkọ tí a fún wọn, àwa kò mọ èyí tí wọ́n sọ wọ́n; mo ń júwe, ó ń pè, ọmọ mi ń há a sórí. Nígbà tí a dé ibi tí funfun yẹ kó wà, mo ní sójà ti mú ìyẹn.

"Èwo ni?"

"Èyí tó máa ń wọ funfun, tó ń tún bàtà ṣe."

"Ó tọ́ sí i. Ó fẹ́ràn sójà nígbà ayé ẹ̀." Ó pe òun náà.

A sùn síbẹ̀. Ní àárọ̀, kí a tó lọ, ó di ọwọ́ ọmọ mi mú, ó bi í pé ẹ̀rọ náà, ṣé ó máa ń gbàgbé. Ọmọ mi ní rárá, àfi bó bá bàjẹ́. Ó ní, "Bí tèmi náà nìyẹn."

Ọmọ mi ló gbé abọ́ lérí nígbà tí a ń bọ̀. Ó ń pè wọ́n wúyẹ́wúyẹ́ bó ti ń rìn, láti pupa dé èyí tó kẹ́yìn, á tún padà sí pupa. Èmi ń tẹ̀lé e. Oòrùn ti mú nígbà tí a tún dé Ablogamé. Ìgbà náà ni ọkọ̀ sójà wá láti ẹ̀yìn, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n ń sáré. Ẹnì kan yìnbọn sókè. A já sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, abọ́ fọ́n káàkiri. A dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ títí eruku fi rọlẹ̀.

Nígbà tí a ṣa abọ́ tán, a jókòó sábẹ́ igi àgbọn. Ó tò wọ́n bó ti yẹ. Ó gbé pupa sókè. Ó wò ó. Ó tún wò ó.

"Ó ti lọ, Màámi."

"Bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó pe gbogbo wọn láìṣì, ó dé pupa, kò sí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ sì ni Akọ̀wé ló pọ̀ jù nínú ìwé, ìjà rẹ̀ ni ìyálé mi yóò sì bi ẹ̀rọ lójú olùkọ́, nítorí kò ní bi í ní nǹkan mìíràn. Olùkọ́ ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọmọ mi kò sunkún. Ó kàn gbé abọ́ náà lé itan, ó ń wo òkun. Mo rí i pé ó ti rù. Mo rí bàtà rẹ̀ tó já. Ó ní, "Ẹ ò bá jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀," kò sì fi ìbínú sọ ọ́.

Mo lè ní kó di ilé. Nílé yóò ka orúkọ inú ìwé, ìyálé mi yóò wà nínú yàrá rẹ̀, èmi á mirí níkọ̀kọ̀. Mo rò ó. Mi ò fẹ́ máa mirí bí olè nínú ilé tí mo ti gbó sí. Ó ti rẹ̀ mí. Láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ìyàwó ni mo ti ń rìn yí orúkọ yẹn ká bí ẹni ń rìn yí kànga ká. Mo dìde, mo kọjú sí òkun, mo ní kí ẹni tó ni ín má bínú, ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ lò ó. Mo sì pè é. Mo pè é tán, ọmọ mi tún un pè lẹ́yìn mi. Ìgbì wá, ìgbì padà. Mi ò ní kọ ọ́ síbí.

A gbé abọ́, a rìn lọ sílé. Lójú ọ̀nà, ó gba ìborùn lọ́rùn mi, ó bá mi gbé e dé Djidjolé.

Lóru ọjọ́ náà ó tẹ gbogbo orúkọ tó há sórí sínú ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ ni olùkọ́ náà fi rìn wá. Ó ga, ojú rẹ̀ pọ́n, eruku bo bàtà rẹ̀. Mo fún un lómi, ó mu ún, ó ní kí n tún fún òun. Ó jókòó láàárín àwọn bàsíà mi, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ìyálé mi wá pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Ó kí i ní Mina, ó kí i ní Yorùbá, ó ní Faransé tí òun gbọ́ kò ju bonjour lọ, òun sì ti lo ìyẹn.

"Kí wọ́n bi í," ni olùkọ́ wí.

"Ohun tí mo bi í níjọ́sí náà ni," ni ìyálé mi wí. "Bóyá ojú rẹ̀ ti là."

Ọmọ mi tẹ̀ ẹ́: Akọ̀wé, Eyínfúnjowó, ògiri. Ẹ̀rọ kùn. Mo gbàdúrà pé kí iná má lọ. Ó kùn pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ sì hàn lójú rẹ̀. Ọmọ mi dìde, ó tọ páálí kan lọ, ó gbé òkúta kúrò, ó ṣí ìwé, ó fa ọ̀kan yọ, ó fi í lé olùkọ́ lọ́wọ́.

Olùkọ́ rí orúkọ gidi Akọ̀wé lókè ìwé, ó sì kà á sókè, pẹ̀lú ahọ́n òkèèrè, láìfi bàbá kún un.

"Ẹ gbọ́ ẹnu rẹ̀," ni ìyálé mi wí. "Ọmọ àná. Bí ẹni pe ẹgbẹ́ ẹ̀." Ó fi ìgbáànú bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ mi gba ìwé, ó ka ìyókù rẹ̀ fún wa. Ó ní wọ́n parí ìjà náà, ẹni tó mọ ògiri kọjá ààyè rẹ̀ yóò wó díẹ̀ lára ògiri náà, ẹnì kejì yóò fún un ní ọ̀nà omi. Nísàlẹ̀ pátápátá, bàbá ọmọ mi kọ ọ́ pé lẹ́yìn ìpàdé, ìyàwó àgbà bọ́ gbogbo ènìyàn.

"Mo wí fún yín," ni ìyálé mi wí. "Èmi ni mo sè é." Ó sì nu ojú, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

Olùkọ́ bi ọmọ mi ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ ní Faransé, ó ní kí èmi náà bi ẹ̀rọ, mo bi í nípa Aláṣọ-funfun, ó rí i. Lẹ́yìn náà ó dojú bàsíà kan délẹ̀, ó fi ṣe tábìlì, ó fọwọ́ sí ìwé ọmọ mi lórí rẹ̀. Ó tún béèrè omi. Ó lọ.

Kò pẹ́ tí ọmọ mi náà fi lọ. Àwọn pẹlẹbẹ dúdú tí ó da iṣẹ́ inú ẹ̀rọ náà kọ sí, mo fi aṣọ wé wọn, mo kó wọn sínú ike onídèrí, mo da gàrí lé wọn lórí, ó sì kó wọn kọjá ibodè Benin láàárín àwọn tó ń sá lọ. Ẹ̀rọ padà sí yunifásítì nígbà tí wọ́n ṣí i, mi ò mọ ohun tó dé bá a. Ó pẹ́ kó tó rí ẹni gbà á ní Kutọnu, ṣùgbọ́n ìbuwọ́lù yẹn ni wọ́n wò, wọ́n gbà á, ó gbèjà iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ní ó káre. Ó ríṣẹ́ síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó máa ń wá, kì í pẹ́.

Lọ́jọ́ tí olùkọ́ lọ tán, ìyálé mi jókòó pẹ́ níwájú tábìlì. Ó bi mí pé báwo ni ẹ̀rọ ṣe wá mọ Akọ̀wé.

"Ọmọ ilé ló sọ fún un."

"Òpéléńgẹ́?"

Mo ń nu abọ́. Ó wò mí. "Orí tó bá mì," ó wí, kò sì parí rẹ̀. Ó ní kí n fún òun ní abọ́ pupa yẹn, òun á máa fi bu omi mu. Mo fún un. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà títí ó fi tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ. Òpéléńgẹ́ kò padà láti Benin.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ Eyínfúnjowó wá sílé mi, ó ní òun ń wá ìwé tó fi hàn ibi tí ilẹ̀ bàbá òun parí sí. Mo bi í pé kí ni orúkọ bàbá rẹ̀ àgbà. Ó ní òun ò mọ̀ ju Bàbá Eyínfúnjowó lọ. Èmi náà kò rántí èyí tí Òpéléńgẹ́ pè lọ́jọ́ náà mọ́. Nọ́ńbà tí ọmọ mi fi pẹ́ńsù kọ ṣì wà ní igun ìwé kọ̀ọ̀kan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, kò sì sí ẹ̀rọ mọ́ nínú ilé yìí tó mọ ibi tó darí sí. Mo ní kó bọ́ bàtà rẹ̀. Mo tẹ́ ẹní, a sì tú páálí àkọ́kọ́ sílẹ̀.